Omi tí a mu lọ́dún tó kọjá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, Ìdèrè ni mo máa ń dáhùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ìdèrè ni agboolé wa wà, ibẹ̀ la ti ń ṣọdún, ibẹ̀ la ń sin òkú wa sí. Ṣùgbọ́n abà ni wọ́n bí mi sí, abà náà ni mo sì dàgbà sí. Ilé mẹ́sàn-án péré ni nígbà náà, amọ̀ ni gbogbo wọn, mẹ́fà kan páànù, mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ koríko bẹẹrẹ. Orúkọ bàbá bàbá mi ni wọ́n fi ń pe abà náà. Ẹni tó bá ru ẹrù láti Ìdèrè yóò rìn tó wákàtí méjì kó tó débẹ̀, bó bá sì jẹ́ àsìkò òjò, kó máa fojú sọ́nà fún ìrọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ Ìbàràpá ni wá. Àwọn àgbà wa ní ara ẹ̀gúsí bàrà ni orúkọ náà ti jáde, ẹ̀gúsí náà la sì ń gbìn títí di òní, pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà oko wa kọjá lẹ́ẹ̀rùn yóò rí àpáta tó funfun bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ lé e. Láfún ni. Àwọn ìyá wa máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á fún un, wọ́n á sì sá a sórí àpáta gbígbóná títí yóò fi gbẹ kanrankanran. Ibi tí omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ náà ti ń wá ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọ̀gọ̀dọ̀ kan ni. Odò kékeré ló ń ṣàn lásìkò òjò, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, odò á gbẹ, á ku ọ̀gọ̀dọ̀ yìí nìkan lábẹ́ àwọn igi ńlá kan. Òun la ń mu, òun la fi ń sebẹ̀, òun la fi ń wẹ ọmọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣe ń le sí i ló ń sún kì, ó wá di pé ẹni tó bá fẹ́ pọnmi gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ tó orúnkún kó tó lè fi igbá bu èyí tó mọ́ díẹ̀.

Inú omi yẹn ni sòbìà ti ń bá wa.

Ọmọ tí wọ́n bí láìpẹ́ yìí kò mọ sòbìà, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Aràn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó lè gùn tó mítà kan. Kì í yọ lójú kan náà. Ara á kọ́kọ́ wú níbì kan, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, á máa yún ènìyàn, á máa jó o bí iná, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á lé ròrò, á bẹ́, orí aràn á sì yọ. Wọn kì í fà á tu. Igi kékeré ni wọ́n ń ká a mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, pẹ̀lú epo pupa lójú egbò, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà á wú, á di nǹkan mìíràn. Àsìkò tó sì ń yọ jù ni ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó yẹ kí ènìyàn máa ṣán oko, kó máa múra sílẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀.

Mo wà ní ìwé kẹfà lọ́dún tó mú bàbá mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Abẹ́ odán tó wà níwájú ilé ni wọ́n ń gbé e sí láràárọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbé e wọlé lálẹ́. Bàbá mi kì í sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tó rí i pé ilẹ̀ òun ṣì wà ní igbó, mo rí i tó yí ojú sí ògiri. Ìdajì oko nìkan ni èmi àti ìyá mi lè gbìn. Sáà kan gbáko ni mi ò fi lọ sílé ìwé, ebi ọdún náà sì jẹ́ èyí tí a kò tíì gbàgbé nílé wa.

Nígbà tó di ọdún 1988, ìjọba ní kí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń bá jà káàkiri Nàìjíríà. Iye tí wọ́n rí ju 650,000 lọ. Ilẹ̀ Ìbàràpá wà lára ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera kan ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti ń wá gbé láàárín àwọn ará ìlú. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ní kí abà kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá, kí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìlera díẹ̀. Èmi ni wọ́n mú ní abà wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ti ka ìwé díẹ̀, mi ò sì tíì bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí Ìbàdàn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tí sòbìà rẹ̀ ti bẹ́ máa ń wá omi tútù nítorí pé egbò náà ń ta á. Bó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn náà á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, àìmọye ọmọ tí ojú kò lè rí. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fò kiri nínú omi á gbé wọn mì. Àwa náà á wá bu omi, a ó gbé kòkòrò mì. Lẹ́yìn náà, fún bí ọdún kan, ara ò ní sọ nǹkan kan fún ọ. O ó ṣọdún, o ó jó, o ó gbé ìyàwó. Ọdún tó bá yí po ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Wọ́n fún mi ní aṣọ funfun kan tí ojú rẹ̀ há, tí kòkòrò yẹn kò lè gbà kọjá, wọ́n ní kí olúkúlùkù máa da omi gba inú rẹ̀ kó tó mu ún. Wọ́n tún fún mi ní ìwé àti bírò, kí n kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀.

Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo padà dé ni mo pe ìpàdé. Mo dìde láàárín àwọn àgbà, mo ní èrò wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé sòbìà wà lára gbogbo ènìyàn láti inú ìyá rẹ̀, bí iṣan ṣe wà, pé bí ara bá rẹ̀ tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́ ló ń jáde. Mo ní rárá o, omi ọ̀gọ̀dọ̀ wa ni, omi ìdọ̀tí là ń mu.

Baálẹ̀ abà wa wò mí títí. Ó ní, “Ọmọ mi, omi yìí ni wọ́n fi wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Ṣé òun ló wá di ìdọ̀tí lónìí?”

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Ìyá mi ló kó mi yọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba ìgò funfun kan lọ́wọ́ mi, ó bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ sí i, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó rí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ta pọ́nún pọ́nún nínú rẹ̀. Ó pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn náà wò ó. Nígbà tó di alẹ́, gbogbo àwọn obìnrin abà ti wo ìgò náà tán. Ìyá mi wá ní, “Ẹni tó ń sẹ́ ògì kó tó mu ún, kí ló dé tí kò ní sẹ́ omi?” Láti ọjọ́ náà ni aṣọ yẹn ti ń jẹ́ asẹ́ omi ní abà wa. Orúkọ tí wọ́n kọ́ mi ní Ìgbò-Ọrà kò tún jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Télọ̀ kan ní Ìdèrè bá wa gbá etí rẹ̀, ó fi okùn sí i, kó lè ṣeé so mọ́ ẹnu àmù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kíkọ ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mi ò lè gbàgbé.

Mo wo iṣẹ́ náà, mo rí i pé ó rọrùn. Ọdún ti sún mọ́lé, gbogbo ará abà máa wà ní Ìdèrè. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ agboolé wa, wọ́n ń wọlé, mo ń kọ orúkọ. Kò tó ọjọ́ méjì tí mo fi parí: ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọ̀gá tó wá gba ìwé náà bi mí pé, “Ṣé gbogbo yín nìyí?” Mo ní, “Gbogbo wa nìyí, sà.” Iye aṣọ tí wọ́n fún wa bá iye orúkọ náà mu. Gbogbo ilé ló ní asẹ́. Mo ń rìn ní abà bí ẹni tó ti ṣẹ́gun.

Ọdún kan yí po. Ọyẹ́ dé. Ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún.

Bó ṣe sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ni ara mi tutù. Lẹ́yìn tirẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin mẹ́ta. Márùn-ún ni gbogbo wọn, asẹ́ wà nílé gbogbo wọn. Àwọn kan sọ ọ́ sí mi létí pé asẹ́ kò ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn tú tiwọn kúrò lẹ́nu àmù.

Mo lọ bá Baálẹ̀ lálẹ́. Mo rò pé yóò ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ìwọ lo ní ẹni tí sòbìà rẹ̀ yọ ló ń kó o sínú omi. Ta ló ki ẹsẹ̀ bọ omi wa lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Lọ bi àwọn tó ń jí lọ pọnmi.”

Mo dúró sí etí ọ̀gọ̀dọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì bi àwọn obìnrin. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ní ìyá Fúlàní tó máa ń kiri wàrà ti ń tiro láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, pé bó bá ti sọ igbá wàrà kalẹ̀, etí omi ló ń jókòó sí, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ó lè rọ̀ ọ́. Mo ní, kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi? Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé, “Orúkọ wa lo ní ká dá fún ọ. O ò béèrè orúkọ ẹlòmíràn.”

Gáà wọn kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí abà wa. Ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà là ń mu. Wàrà wọn là ń jẹ, ẹ̀gẹ́ wa ni wọ́n ń rà. Bẹ́ẹ̀ mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ní Ìdèrè, mo ní gbogbo wa nìyí. Àwọn Àgàtú tó ń wá bá wa kọ ebè lọ́dọọdún náà kò sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó máa ń wá ra láfún, tó ń sun abà wa fún òru méjì kó tó rí ọkọ̀. Mo ka àwọn tó ní ilé ní ìlú. Àwọn tó ń mu omi ló yẹ kí n kà.

Ìyá mi ní òun á bá mi lọ sí gáà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Oníbàárà ni òun àti ìyá oníwàrà náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. A bá a níwájú ahéré rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, orí aràn yọ lójú kan ní ọrùn ẹsẹ̀, omíràn lẹ́bàá orúnkún. Mo kí i, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ Yorùbá bíi tiwa. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, “A rí yín nígbà tí ẹ ń pín aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá.”

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọdé ni mí, kó má bínú. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ìyá mi tí wọ́n fi aṣọ dì, ó sì sún àpótí ìjókòó sí i.

Ènìyàn mẹ́tàlélógún ni mo kọ ní gáà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ wọ́n sí nítorí pé iwájú ti kún. Kò ṣòro fún wọn rárá láti gba ọ̀rọ̀ asẹ́, wọ́n ní àwọn ti ń sẹ́ wàrà kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí a wá jọ fi ẹnu kò sí ni pé ẹnikẹ́ni tí sòbìà rẹ̀ bá ti yọ, ì báà jẹ́ ará abà tàbí ará gáà, kò gbọ́dọ̀ wọ omi mọ́. Àwọn ọmọ ni yóò máa pọnmi lọ bá a nílé, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Baálẹ̀ fi ọwọ́ sí i, àgbà gáà náà fi ọwọ́ sí i.

Ihò kejì tún wà tí mi ò tètè rí. Asẹ́ ń gbé ẹnu àmù nílé, ṣùgbọ́n oko ni àwọn ọkùnrin ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, ṣebí etí ọ̀gọ̀dọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bu ún mu. Àwọn ọmọdé tó ń lé ẹyẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A wá ń gé asẹ́ kéékèèké tí wọ́n lè so mọ́ ẹnu kèrègbè. Bàbá mi kì í jáde lọ sóko mọ́ láìmú tirẹ̀, bó bá sì bá ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ńṣe ló ń na kèrègbè sí i láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, sòbìà yọ lára ènìyàn méjì. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò yọ lára ẹnikẹ́ni. A kò yọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀rù ń bà wá. Ìgbà tí ó di ọdún kẹta la tó gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la dé orí ọ̀rọ̀ kànga. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ti kọ́kọ́ wá gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún wa. Iwájú ilé tó sún mọ́ ọ̀nà mọ́tò jù ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn lè dé. Ọdún kejì ló dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra irin inú rẹ̀. Nígbà tí àwa fẹ́ gbẹ́ tiwa, mo ti kọ́ ọgbọ́n, àwọn tó ń pọnmi ni mo kọ́kọ́ bi. Ìyá àgbà kan mú wa lọ síbi tí koríko kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó ní látìgbà tí òun ti wọlé ọkọ lòun ti ń wo ibẹ̀. Ọ̀wẹ̀ la fi gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ wa, àpáta ni lábẹ́. A gbẹ́ ẹ, a sinmi, a tún gbẹ́ ẹ, ó lé lóṣù méjì. Ọmọkùnrin méjì láti gáà wà nínú àwọn tó ń wọ ihò náà. Ọjọ́ tí omi sun, Baálẹ̀ ní kí wọ́n bu àkọ́kọ́ fún ìyá àgbà náà.

Ọdún 2008 ni wọ́n rí sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ yìí pátápátá. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá mi ti dolóògbé nígbà náà. Mo jókòó sínú ilé, mo ń ronú nípa ìgò funfun yẹn.

Mo ní láti sọ ìyókù. Gáà náà ti tú. Kí ọdún 2021 tó dé ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Màlúù jẹ oko, wọ́n gbé ènìyàn, wọ́n pa ènìyàn. Nígbà tó di òru ọjọ́ kan ní Oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n kọlu Ìgàngàn, wọ́n pa àwọn ènìyàn, wọ́n sun ilé. Mo ní ìbátan níbẹ̀, ọgbẹ́ náà ṣì ń dun mí. Àwọn ará gáà wa ti kó lọ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, lóru, láìdágbére, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Mi ò mọ ibi tí àwọn ọmọkùnrin méjì tó bá wa gbẹ́ kànga wà. Omi kànga náà là ń mu títí di òní.

Ilé tó ṣì ní ènìyàn ní abà kò ju mẹ́rin lọ mọ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wá bá mi ní Ìdèrè. Wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mélòó ló wà ní abà wa báyìí?” Ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bírò ti wà létí ìwé.

Mo wọ yàrá, mo gbé ìwé àtijọ́ náà wá. Ó ṣí i, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí i dé ẹ̀yìn. Ó ní, “Àwọn wo nìwọ̀nyí?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gun ọ̀kadà méjì lọ. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abà nígbà tí a rí èéfín láàárín igbó lápá òsì. Àwọn tó ń sun èédú ló tẹ̀dó síbẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe òrùlé, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti dé. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń wò wá bí a ṣe ń kọjá. Ọmọ àbúrò mi fi ọwọ́ kan ọlọ́kadà rẹ̀ léjìká, ó ní kó dúró.